Bí mo ṣe fi máàpù tọ ipasẹ̀ Robert Morley

Mo tẹ́ bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sórí tábìlì, mo ya etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Flanders sí i, mo wá fa ìlà pupa sí ẹnu odò Thames. Gbogbo èbúté tó wà ní àríwá ìlà yẹn ló bọ́ sábẹ́ Morley, ọlọ́lá ará Norfolk, nígbà tí Ọba Edward Kẹta fi í ṣe ọ̀gá ọkọ̀ ogun lọ́dún 1339.

Ẹ má rò pé ọkọ̀ ogun ti tò sílẹ̀ dè é o. Ọkọ̀ oníṣòwò tó ń kó wáìnì àti irun àgùntàn ni wọ́n ń fi àṣẹ ọba gbà, wọn á wá kan pẹpẹ gíga mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ fún àwọn tafàtafà.

Sluys, èbúté Flanders tí wọ́n ti ja ogun ojú omi, ló gbà mí lásìkò jù. Yanrìn ti dí omi Zwin tí wọ́n ti jà, ìlú náà ò sí létí òkun mọ́. Àfi ìgbà tí mo wo máàpù àtijọ́ ni mo tó rí ibi tí n ó ya omi sí.

Lóṣù kẹfà 1340, ọkọ̀ ogun Faransé, tí Gẹ̀ẹ́sì ń bá jagun, kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Stratford ní kí ọba má lọ kò wọ́n lójú. Ọba pe Morley àti John Crabbe. (Crabbe yìí, ọmọ Flanders, olè ojú omi ni tẹ́lẹ̀, ó sì ti bá àwọn Skọ́tílándì gbéjà ko Gẹ̀ẹ́sì rí. Ẹ wo ẹni tí ọba ń bi léèrè ọ̀rọ̀!) Àwọn náà ní ewu ń bẹ. Inú bí ọba: ó ní wọ́n ti gbìmọ̀ pọ̀, ẹni tẹ́rù bá ń bà kó jókòó sílé. Wọ́n ní bó bá máa lọ dandan, àwọn ni yóò ṣíwájú, bó tilẹ̀ já sí ikú.

Ọjọ́ 24 ni ogun bẹ́ sílẹ̀. Faransé ti fi ṣéènì so ọkọ̀ wọn pọ̀, kò sáyè àtiyí padà, ọfà ń rọ̀ lé wọn lórí. Gẹ̀ẹ́sì gba Christopher padà, ọkọ̀ ńlá tí Faransé ti gbà lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1338. Béhuchet, ọ̀kan nínú ọ̀gá Faransé, wọ́n so ó kọ́.

Ní Calais, ìlú Faransé tí ogun Gẹ̀ẹ́sì dó tì, mo kọ 1347, mo sì ya kìnnìún dúdú aládé wúrà, àmì tó wà lára apata Morley. Nicholas Burnell, ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ló pe Morley lẹ́jọ́ pé tòun ni àmì apata yẹn. Morley búra pé bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ òun, òun ò ní jagun fún ọba mọ́ láé. Ọba fúnra rẹ̀ ló bẹ Burnell, Morley sì ń gbé e títí ó fi kú ní Faransé lọ́dún 1360, lójú ogun ọba kan náà.