Ẹ Má Fi Àánú Pa Erin: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tó Fẹ́ Gbà Á Là

Ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ tó ń yìnbọn pa erin nítorí eyín kì í ṣe tuntun. Òdú ni, kì í ṣàìmọ̀ fólóko. Èyí tí a kì í sọ púpọ̀ ni ti olójú àánú tó ń fi owó àti fóònù ọwọ́ rẹ̀ bá wọn dá sí i láìmọ̀. Ní ọdún 2021, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá inú igbó, kéde pé erin inú igbó kìjikìji ní Áfíríkà ti fi ohun tó lé ní ìdá 86 nínú 100 dín kù láàárín ọdún 31. Ti inú pápá náà ti dín ní ìdá 60, ó kéré tán, láàárín ọdún 50.

Àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi ni kí èèyàn ra eyín erin nítorí pé wọ́n ní ó ti pẹ́. Ẹni tó ń tà á á ní ogún ìyá-ìyá òun ni, pé erin tó ni ín ti kú kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa, kí ló wá kù tí rírà rẹ̀ fẹ́ bà jẹ́? Ó kù púpọ̀. Ó rọrùn láti sọ eyín tuntun di ògbólógbòó: wọ́n á fi omi tíì pa á láró títí á fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó parí. Ojú lásán kò lè mọ ọdún tí erin kú. Inú yàrá àyẹ̀wò nìkan ni wọ́n ti lè sọ ọ́. Nítorí náà, ibikíbi tí wọ́n bá ti gbà kí wọ́n máa ta ògbólógbòó ni tuntun ń sá pamọ́ sí. CITES, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti fòfin de òwò eyín erin láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ní 1989, àmọ́ ọjà abẹ́lé ṣì wà ní ṣíṣí níbi púpọ̀. Ìparí ọdún 2017 ni Ṣáínà tó ti tirẹ̀ pa. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2018 kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi ní 2022.

Àwọn mìíràn á ní, “Mo rà á kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ni.” Ọlọ́jà kì í bi owó léèrè ohun tó gbé e wá. Ohun tó mọ̀ ni pé ọjà òun tà, á sì wá òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá ní wọ́n kàn rẹ́ eyín náà ni, tí erin sì bá tirẹ̀ lọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta eyín náà ló wọ inú agbárí lọ. Ọdẹ tó bá fẹ́ kó o tán á kọ́kọ́ pa erin, á wá fi àáké la ojú rẹ̀. Bí ẹ bá bá eyín erin nínú ogún, ẹ má tà á, ẹ má gbé e sórí Facebook. Ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹranko igbó ohun tí òfin wí.

Gígun erin lẹ́yìn, wíwẹ̀ fún un àti fífún ọmọ erin lóúnjẹ níbi ìgbafẹ́ náà wà lára àwọn àṣìṣe yìí. Níbi púpọ̀ ní Éṣíà, kí erin tó lè gba èèyàn sẹ́yìn, wọ́n ti já a gbà lẹ́nu ọmú, wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti nà án títí ó fi gbà. Oṣù 22 ni erin fi ń lóyún, nítorí náà ọmọ tí wọ́n jí kó kì í tètè rí arọ́pò. Bí wọ́n bá kọ “ibùdó ààbò erin” sí ẹnu ọ̀nà, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí; ibùdó tó dára máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ dúró lókèèrè wo erin ni. Fídíò erin tó ń jó tàbí tó ń ya àwòrán, ẹ má pín in.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni bíbú àgbẹ̀. Erin ńlá kan lè jẹ tó 150 kílò lóòjọ́. Bí agbo kan bá wọ oko lóru, oúnjẹ ọdún kan ti lọ nìyẹn, wọ́n sì máa ń pa èèyàn. Ẹni tó jókòó síbi tí kò sí erin á wá kọ ọ́ pé, “Kí wọ́n kó kúrò níbẹ̀.” Kí wọ́n kó lọ síbo? Àgbẹ̀ yìí gan-an ló máa kọ́kọ́ mọ̀ bí àjèjì bá gbé ìbọn wọ igbó. Bí inú bá ń bí i sí erin, kò ní sọ fún ẹ̀ṣọ́ igbó. Ní Kẹ́ńyà, Lucy King, onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa erin, àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rí i pé erin ń sá fún kòkòrò oyin. Wọ́n so ilé oyin mọ́ wáyà yí oko ká. Bí erin bá ti wáyà náà, gbogbo rẹ̀ á mì, oyin á tú jáde, erin á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àgbẹ̀ á tún rí oyin tà.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó dáwó fún ẹgbẹ́ kan nítorí àwòrán ọmọ erin aláìníyàá, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fáwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ erin, kẹ́ ẹ sì wá àkọsílẹ̀ ìnáwó wọn. Ẹgbẹ́ tó bá fi í pa mọ́, ẹ gba ibòmíràn lọ.

Bí ẹ bá ya fọ́tò erin nínú igbó, ẹ pa ohun tó ń sọ ibi tẹ́ ẹ wà lórí fóònù, kí ọdẹ má baà fi í wá erin náà rí. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ń ta eyín erin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má bú u, ẹ má sì bá a ná ọjà. Bó bá ti fura, á pa ojú ìwé náà rẹ́, á fi orúkọ mìíràn ṣí òmíràn. Ẹ ya àwòrán ohun tẹ́ ẹ rí, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ìkànnì náà àti sí àwọn agbófinró.