Aago Kọ̀ǹpútà Mi Ni Ó Ṣì Mí Lọ́nà

Nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ mi láti ilé wa ní Ṣómólú, mo rò pé dátà àti iná mànàmáná nìkan ni mo ní láti múra sílẹ̀ fún. Ojú ìwé ẹ̀kọ́ náà fi hàn mí pé kíláàsì yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá. Mo wọlé lákòókò, n kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó sì dùn mí gan-an nígbà tí mo gbọ́ pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ṣe é.

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni mo ń lò. Mo ti fọwọ́ yí aago rẹ̀ kí ó lè bá tiwa mu, ṣùgbọ́n agbègbè àkókò (time zone) inú rẹ̀, ìyẹn apá ayé tí kọ̀ǹpútà gbà pé aago rẹ̀ jẹ́ ti ibẹ̀, ṣì jẹ́ ti etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, èyí tí ó fi wákàtí 9 wà lẹ́yìn Èkó ní ìgbà òtútù wọn. Agbègbè yìí ni ojú ìwé ẹ̀kọ́ náà ń wò láti ṣírò àkókò fún akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe aago tí a ń fojú rí.

Mo ṣí Settings lórí Windows, mo wọ Time & language, mo yan West Central Africa tí ó wà ní UTC+01:00 (ìyẹn wákàtí kan níwájú UTC, àkókò tí gbogbo ayé fi ń ṣírò aago), mo sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa gba àkókò fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo tún ojú ìwé náà ṣí, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ó hàn níbẹ̀.