Bí a ṣe ń fi agbára omi ran òwú: ọ̀nà Pawtucket, láti ẹ̀gbọ̀n dé orí rílì

Ẹni tó bá ń fi ìrànwú ran òwú nílé, ìka rẹ̀ ló ń sọ fún un ibi tí ẹ̀gbọ̀n ti pọ̀ jù. Á fà á díẹ̀, á lọ́ ọ, á tún fà á. Ẹ̀rọ kò ní ìka, nítorí náà ẹ ní láti pín iṣẹ́ ìka yẹn fún oríṣiríṣi ẹ̀rọ, kí omi odò sì máa yí gbogbo wọn. Richard Arkwright ló gbé ètò yìí kalẹ̀ ní England. Orí ni Samuel Slater fi kó o dé Amẹ́ríkà ní 1789, torí òfin Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí ẹ̀rọ tàbí àwòrán rẹ̀ jáde nílùú. Ní oṣù Kejìlá 1790, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ létí odò Blackstone ní Pawtucket, Rhode Island, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìyawú mẹ́ta, ẹ̀rọ ìfà àti ti ìlọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, àti ìrànwú 72. Bí ẹ bá fẹ́ tún irú rẹ̀ tò, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá òwú tó mọ́. Slater yan ti Surinam, ilẹ̀ kan ní South America, ju ti ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí pàǹtí pọ̀ nínú ti ìhà gúúsù yẹn nígbà náà. (Ọwọ́ ẹrú ni méjèèjì ti ń wá.) Ẹ tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n okùn, kí ẹ fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ nà án títí erùpẹ̀ àti èérún ewé á fi já bọ́ sílẹ̀.

Ìyawú ló kàn, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti ṣe sùúrù jù. Ìlù onígi ńlá kan ń yí. Awọ tí a gún eyín wáyà sí ló bò ó. Eyín mìíràn dojú kọ ọ́ láìkàn án, fọ́nrán á sì tò láàárín wọn bí irun tí a fi òòyà yà. Irin bí òòyà á wá ṣí ẹ̀gbọ̀n kúrò ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á gba ojú àrọ kọjá, á sì di okùn rírọ̀ tí kò tíì lọ́. Ìtẹ̀ eyín wáyà ni gbogbo rẹ̀. Ní Pawtucket, awọ tí wọ́n lò kọ́kọ́ rọ̀ jù, eyín ń fà sẹ́yìn, ẹ̀gbọ̀n sì ń ká jọ dípò kó jáde. Ìgbà tí wọ́n lu eyín náà títí ó fi tẹ̀ dáadáa ni iṣẹ́ tó lọ. Bí ẹ bá rí kókó nínú ẹ̀gbọ̀n, eyín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ má fi ẹ̀sùn kan òwú.

Fún ìfà, ẹ kó okùn mẹ́rin pọ̀, kí ẹ kì wọ́n sáàárín rólà. Rólà ìsàlẹ̀ jẹ́ irin tí a là ní ìlà-ìlà, ti òkè ni a fi awọ bò, ohun wíwúwo sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí rólà iwájú bá sáré ní ìlọ́po mẹ́rin ti ẹ̀yìn, okùn kan ṣoṣo ni yóò jáde, ìwọ̀n rẹ̀ kò ní yí padà, ṣùgbọ́n ibi tó tín-ín-rín nínú ọ̀kan á ti bá ibi tó nípọn nínú òmíràn pàdé. Ẹ tún un ṣe. Àlàfo àárín rólà gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ ju gígùn fọ́nrán lọ. Bó bá kúrú jù, fọ́nrán á já. Bó bá gùn jù, fọ́nrán tí rólà kankan kò dì mú á máa yọ̀, òwú á nípọn níbìkan, á tín-ín-rín níbòmíì.

Lẹ́yìn èyí, agolo tó ń yí ni yóò lọ́ okùn náà fẹ́ẹ́rẹ́, kó má baà já nígbà tí a bá ń ká a sórí rílì.

Níbi ìrànwú gan-an, rólà tún fà á, igi ìrànwú sì lọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká mú òwú nọ́ńbà 16, ìyẹn èyí tí yáàdì 840 rẹ̀ jẹ́ áúnsì kan. Ìlọ́ 16 nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan tó o. Bí rólà iwájú bá fẹ̀ ní ínṣì 1, á tú ínṣì 3.14 jáde bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Igi ìrànwú gbọ́dọ̀ ti yí bí ìgbà 50 kí ìyẹn tó parí. Òwú fúnra rẹ̀ ló ń fa rílì lẹ́yìn, nítorí náà bí ohun tó ń di rílì mú bá le jù, òwú á máa já. Ìdí nìyí tí òwú ẹ̀rọ yìí fi ní láti lágbára, ó sì dára fún òwú gígùn tí a ń ta sórí òfì. Àwọn tó ń so èyí tó já ní Pawtucket nígbà àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọdé mẹ́sàn-án, ọmọ ọdún 7 sí 12.

Ẹ ti fèrèsé: afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń mú òwú já. Ẹ gbá èérún òwú kúrò nítòsí àtùpà. Ní àárọ̀ ìgbà òtútù, ẹ fọ́ yìnyín kúrò lára kẹ̀kẹ́ omi kí ẹ tó ṣí omi sí i.

Ẹ wọn yáàdì 840 láti orí rílì bíi mélòó kan. Bí gbogbo wọn bá wúwo bákan náà ju áúnsì kan lọ, kẹ̀kẹ́ eléyín tó ń yí rólà ìrànwú ni kí ẹ pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá wúwo tí èkejì fúyẹ́, ẹ má fọwọ́ kan ìrànwú rárá. Ẹ padà sídìí ìfà, bí kò bá sì sí àléébù níbẹ̀, ẹ lọ wo eyín wáyà.