Moodle ní akẹ́kọ̀ọ́ kàwé di òwúrọ̀: kí ló ṣe ìṣírò mi?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, sà, ìwádìí oyè kejì mi dá lórí bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pẹ́ lórí Moodle, ìkànnì ìkẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń gba máàkì jù. Nígbà tí mo ṣírò àkókò láti inú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó hàn pé ẹnì kan wà lójú ewé kan ṣoṣo láti aago 9:58 alẹ́ títí di aago 7:10 òwúrọ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Oorun ni ẹni náà sùn. Moodle kì í ka ìṣẹ́jú. Ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ nǹkan ló máa ń kọ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ohun tó tẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín títẹ̀ kan àti èkejì ni ẹ̀yin fúnra yín pè ní àkókò ìkàwé. Ó ṣí ẹ̀kọ́ kẹta, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tẹ ìdánwò kékeré, gbogbo oorun rẹ̀ sì wọ inú ìṣírò yín. Ẹ fi gbèdéke sí àlàfo náà: èyí tó bá ju ìṣẹ́jú 30 lọ, ẹ kà á sí pé ó ti kúrò níbẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 yìí kì í ṣe òfin, nítorí náà, ẹ fi 10 àti 60 dán an wò pẹ̀lú. Bí èsì bá ń yí padà, ẹ má fi pamọ́ fún àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ yín wò.

Ìbéèrè: Àwọn kan kò tẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, síbẹ̀ máàkì wọn ga. Ṣé kí n yọ wọ́n kúrò?

Ìdáhùn: Ẹ má yọ wọ́n o. Ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ a máa gba fáìlì PDF sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, a pa íntánẹ́ẹ̀tì, a sì kà á di ọ̀gànjọ́. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ wọlé rárá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ pe díẹ̀ nínú wọn, kí ẹ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò.

Ìbéèrè: Kíláàsì aago 9 wá ń hàn ní aago 8 ńkọ́?

Ìdáhùn: Aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni fáìlì yín ń lò, ti Nàìjíríà fi wákàtí 1 ṣáájú rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, àwọn tó pẹ́ ló ṣì ń borí. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé Moodle ló ràn wọ́n lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kò tíì lè kọ ọ́. Lọ́dún 1983, Richard Clark, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ti Amẹ́ríkà, fi ohun èlò ìkọ́ni wé ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ: ọkọ̀ kọ́ ló ń fún ẹni tó jẹun lókun. Robert Kozma, onímọ̀ ẹ̀kọ́ bíi tirẹ̀, ta kò ó lọ́dún 1991, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán, àmọ́ ti Clark ló bá ọ̀rọ̀ yín mu jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó já fáfá yóò kàwé, ìbáà jẹ́ lórí ìwé tí wọ́n tẹ̀. Ẹ wá máàkì tí wọ́n gbà ní sáà tó ṣáájú, kí ẹ fi í sínú ìṣírò, kí ẹ sì wo bóyá àkókò orí Moodle ṣì ní ohunkóhun láti sọ.