Bí a ṣe ń sọ mọ́dẹ́ẹ̀lì Lancaster lásán di èyí tó gbé Grand Slam

Bọ́ǹbù Grand Slam wúwo tó 22,000 páùn, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Ikùn Lancaster, bàálù ajubọ́ǹbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jáde lálaalẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò lè gbà á. Ohun tí ilé-iṣẹ́ Avro ṣe ni pé wọ́n tú ẹrù lára bàálù náà: wọ́n yọ ilé ìbọn iwájú, wọ́n yọ ti orí ẹ̀yìn, wọ́n sì yọ ilẹ̀kùn ikùn rẹ̀ pátápátá. Oríṣi Lancaster yìí ni wọ́n ń pè ní B.I Special. Nítorí náà, yíyọ àti dídí ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá kàn so bọ́ǹbù ńlá mọ́ abẹ́ Lancaster lásán kò tíì ṣe Special.

Ìwọ̀n 1/72 la ó lò, ìyẹn ni pé bàálù gidi tóbi ju mọ́dẹ́ẹ̀lì wa lọ́nà 72. Àpótí mọ́dẹ́ẹ̀lì oníke ti Lancaster B.I tàbí B.III èyíkéyìí yóò ṣe é, torí pé lójú lásán àwọn méjèèjì jọra. Ẹ má jẹ́ kí àpótí Dambusters (Lancaster tí wọ́n fi lọ fọ́ àwọn ìsédò Jámánì) tàn yín. Lóòótọ́, kò ní ilé ìbọn orí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n Upkeep, bọ́ǹbù tó ń ta lórí omi, ni wọ́n gé ikùn tiẹ̀ fún, àtúnṣe rẹ̀ á sì ju ti Lancaster lásán lọ.

Ẹ wá ike pẹlẹbẹ oní-mìlímítà 0.5 àti 1, pútì alápòpọ̀ méjì (epọ́sì), sáńpépà 400, 800 àti 1200, ọ̀bẹ mímú, àti igi róbótó tó fi díẹ̀ ju mìlímítà 16 lọ ní fífẹ̀. Ẹ tún wá fọ́tò bàálù tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an. Èyí tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ PD112 dára púpọ̀: òun ni awakọ̀ òfurufú Calder ti ikọ̀ 617, ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, fi ju Grand Slam àkọ́kọ́ tí wọ́n lò lójú ogun sí afárá rélùwéè Bielefeld ní Jámánì, ní 14 March 1945.

Láti inú ikùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ihò bọ́ǹbù Lancaster gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 33, ìyẹn mìlímítà 140 ní ìwọ̀n wa. Ẹ kọ́kọ́ lẹ àjà ihò náà mọ́ inú, kí ẹ tó pa apá méjèèjì ara bàálù pọ̀. Tí ẹ bá pa á pọ̀ láìsí àjà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á sún mọ́ra, bọ́ǹbù kò sì ní wọlé mọ́. Nígbà tí gúlúù bá gbẹ, ẹ wo iwájú àti ẹ̀yìn ihò náà. Lára bàálù gidi, wọ́n fi irin bo ibi méjèèjì kí atẹ́gùn má baà kọlu ògiri tó dúró gbọnran. Ẹ gé ike 0.5, ẹ fi ọ̀pá báírò yí i títí tó fi tẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi pútì dí etí rẹ̀. Ibí yìí lojú máa ń kọ́kọ́ lọ tí a bá dojú mọ́dẹ́ẹ̀lì dé, ẹ má kánjú níbẹ̀.

Fún ihò orí ẹ̀yìn, ẹ gé ike oní-mìlímítà 1 róbótó, ẹ lẹ̀ ẹ́ láti inú, kí ó lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ sí awọ ara bàálù. Ẹ wá fi pútì kún un ní ìpele méjì, kí ìpele kọ̀ọ̀kan sùn mọ́jú. Pútì tí a kó sí i lẹ́ẹ̀kan náà lè wọlẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, àmì róbótó sì lè yọ lábẹ́ pẹ́ńtì. Tí ike kan bá yọ sókè yí etí ihò ká, ẹ ha á kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Imú ló nira jù. Ẹ má wá ike míràn: dígí ilé ìbọn iwájú tó wà nínú àpótí gan-an ni kí ẹ lò. Ẹ fi epọ́sì kún inú rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ sáyè rẹ̀ láìfi ìbọn sí i, ẹ fi pútì dí ojú ihò ìbọn, kí ẹ sì fi sáńpépà 400 ha á títí tí yóò fi bá ara bàálù dọ́gba. Dígí róbótó tó wà nísàlẹ̀, ibi tí ẹni tó ń ju bọ́ǹbù ń dùbúlẹ̀ sí, kò yí padà. Ẹ fi téèpù bò ó kí sáńpépà má baà họ ọ́. Ẹ má fi súpà gúlúù sún mọ́ ọn, èéfín rẹ̀ máa ń sọ dígí di funfun.

Ẹ má lẹ ìdérí H2S (rédà tí wọ́n fi ń wo ilẹ̀) tó yọ bí ikùn lábẹ́ ẹ̀yìn. Ẹ dí ihò rẹ̀. Ilé ìbọn ìrù wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Bí oríṣi abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì méjì bá wà nínú àpótí, èyí tó fẹ̀ ni kí ẹ mú.

Bọ́ǹbù náà fẹ̀ tó mìlímítà 16.2, ó gùn tó nǹkan bíi 110. Ìrù rẹ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì. Ẹ fi igi náà sẹ́nu dírìlì, kí ẹ máa fi sáńpépà gbẹ́ ẹ bó ṣe ń yí, títí imú yóò fi ṣóńṣó tí ìrù yóò sì máa tín-ín-rín lọ. Ẹ fi súpà gúlúù olómi mu ojú igi kí ìlà rẹ̀ má baà hàn. Lẹ́bẹ́ mẹ́rin láti ara ike 0.5 ló kù, kí wọ́n dagun díẹ̀, torí pé bọ́ǹbù gidi máa ń yí bí ó ṣe ń já bọ́.

Ní ti pẹ́ńtì, fọ́tò ni kí ẹ tẹ̀lé, torí pé kì í ṣe gbogbo Special ló ní abẹ́ dúdú. Ẹ fi vánìṣì dídán kun ún kí ẹ tó lẹ YZ-S, àwọn lẹ́tà ìdánimọ̀ PD112, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ atẹ́gùn á há sábẹ́ sítíkà, á sì máa funfun. Lẹ́yìn tí táyà bá ti dúró ṣinṣin lẹ́sẹ̀ ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bọ́ǹbù sí ikùn, kí ẹ lè rí i pé kò kanlẹ̀. Ẹ fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbá a láàárín bí ẹ̀wọ̀n tó gbé e, kí ẹ sì lẹ orí méjèèjì mọ́ àjà.