Ẹ Má Pè É Ní Ọjọ́ Orí: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Ọ̀nà Ìtọ̀ Tó Dí Lára Àwọn Bàbá Wa

Àlùwàlá ni mo fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣe bàbá mi. Wọ́n á ṣe é tán, kí wọ́n tó dé mọ́ṣáláṣí, ìtọ̀ á ti kán sí ṣòkòtò wọn, wọ́n á tún padà wá bu omi sí bútà. Nígbà tó yá, wọn ò lọ mọ́, wọ́n ní orúnkún ló ń dun àwọn. Àkísà tí mo bá nínú ṣòkòtò tí mo fẹ́ fọ̀ ló tú àṣírí.

A ní ọjọ́ orí ni. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Àpá ló wà nínú ọ̀nà ìtọ̀. Àtọ̀sí ìgbà èwe lè fà á, ọ̀kadà tó gbé èèyàn ṣubú tí egungun ìbàdí fi ṣẹ́ lè fà á, rọ́bà ìtọ̀ tí wọ́n fi síni lára rí náà lè fà á. Àpá a máa sún kì, ìtọ̀ á tín-ín-rín bí òwú, á pín sí méjì. Prostate, ẹṣẹ́ tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká lábẹ́ àpò ìtọ̀, náà ń ṣe báyìí bó bá wú, nítorí náà ẹ má fojú lásán dá a mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ẹ́síréè tí wọ́n ń fi oògùn sí ojú ìtọ̀ kí wọ́n tó yà; ìyẹn ló ń fi ibi tó dí hàn àti bó ṣe gùn tó.

Àgúnmu kò lè yọ́ àpá. Ẹ má sì jẹ́ kí oníkẹ́mísì kankan fi tipá ti rọ́bà wọlé, ó lè gún ọ̀nà míì tí Ọlọ́run kò dá síbẹ̀. Bí ìtọ̀ bá sé pátápátá, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Wọ́n lè gba abẹ́ ìdodo fà á jáde.

Èyí tó dùn mí jù ni fífẹ ọ̀nà ìtọ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ bàbá mi lójú ìtọ̀ níbì kan. Tí ìtọ̀ bá ti tú yàà, inú gbogbo wa á dùn. Oṣù díẹ̀ sí i, ó tún ti dí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọgbẹ́ tuntun ń bí àpá tuntun. Bí ibi tó dí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 2, tó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n lè gbìyànjú fífẹ̀. Bó bá padà, ẹ béèrè iṣẹ́ abẹ àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní urethroplasty. Wọ́n á gé àpá náà kúrò, wọ́n á so ọ̀nà náà pọ̀. Bó bá gùn, wọ́n á bu awọ láti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi lẹ̀ ẹ́, torí omi ti mọ́ awọ ẹnu lára. Abẹ náà ń yọrí sí rere fún èyí tó lé ní 80 nínú 100 ọkùnrin.

"Wọ́n ti dàgbà jù fún abẹ" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ará ilé ń sọ. Dókítà ni yóò wo ọkàn, ìfúnpá àti ṣúgà. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin wà ní Òkè-Òsé. Ará Ọ̀fà àti Òmù-Àrán náà lè dé ibẹ̀. Bí bàbá bá ń lo aspirin, ẹ má ṣe ṣàì sọ fún dókítà.

Lẹ́yìn abẹ, rọ́bà á wà lára wọn bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, kí ẹnikẹ́ni má fà á yọ. Tí wọ́n bá bu awọ ẹnu, ẹ̀kọ tútù ló dáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ sì má pa ọjọ́ ìpadàwò jẹ, àpá lè tún padà wá lẹ́yìn ọdún. Títí di òní, bí bàbá mi bá lọ sẹ́yìn ilé lóru, mo máa ń dákẹ́ gbọ́ ìró ìtọ̀ wọn lára ògiri.