Bí Mo Ṣe Wádìí Iyì Ilé Òṣìṣẹ́ Kékeré Kan ní Brisbane

Yàrá mẹ́rin péré ni ilé náà ní. Pákó ni ògiri rẹ̀, páànù ni òrùlé rẹ̀, ó sì gbéra kúrò nílẹ̀ lórí òpó 28. Iṣẹ́ tí mo gbà ni láti kọ ìwé tí yóò sọ fún ìjọba ìlú Brisbane, ní Australia, bóyá ó yẹ kí òfin dáàbò bò ó gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá. Bí mo ṣe ṣe é nìyí.

Mo kọ́kọ́ yan ibi tí n ó gbé àwíjàre ilé náà lé. Òfin ohun àjogúnbá ti ìpínlẹ̀ Queensland, tí wọ́n ṣe ní 1992, ka òṣùwọ̀n mẹ́jọ sílẹ̀. Ẹwà wà níbẹ̀, àìwọ́pọ̀ náà wà níbẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ bá. Wọn kò ran irú ilé yìí lọ́wọ́. Ilé pákó pọ̀ lọ jàra ní Brisbane. Ẹ pè é ní ohun tí kò wọ́pọ̀, ẹni tó fẹ́ wó o á ya àwòrán ogún irú rẹ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀. Méjì ni mo dì mú: pé ilé náà ń fi bí ìtàn ìpínlẹ̀ náà ṣe lọ hàn, àti pé ó jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣì pé nínú irú rẹ̀.

Ìtàn náà ló lágbára jù. Òfin 1885 kò gbà kí wọ́n gé ilẹ̀ ìkọ́lé kéré ju perch 16 lọ, ìyẹn nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 405. Ìdí nìyẹn tí ilé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi dá dúró nínú àgbàlá tirẹ̀. Nígbà tó di 1909, ìjọba ṣe òfin ilé òṣìṣẹ́: ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò tó £200, tó ní ilẹ̀ àmọ́ tí kò nílé, lè yá tó £300 láti fi kọ́ ọ. Àkọ́kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní 1910, wà ní Surrey Street ní àdúgbò Nundah. Òṣìṣẹ́ tí ń gbowó kékeré di onílé: ohun ńlá nìyẹn, kò sì sí ilé olówó tó lè jẹ́rìí sí i.

Ṣé owó yẹn ni wọ́n fi kọ́ eléyìí? Ìwé ilẹ̀ àtijọ́ ló dá mi lóhùn, nítorí wọ́n kọ gbèsè tí onílé jẹ ìjọba àti ọjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà ìpín ilẹ̀ ni kí ẹ máa tọ̀, ẹ má tọ nọ́ńbà ojúlé, torí pé nọ́ńbà ojúlé àti orúkọ òpópónà máa ń yí padà. Lẹ́yìn náà mo wo àwòrán tí ìjọba ìlú yà nígbà tí wọ́n ń ri páìpù omi ìdọ̀tí. Ó fi ìrísí ilé, àtẹ̀gùn àti ilé ìgbẹ́ ẹ̀yìnkùlé hàn. Mo gbé e lé orí ìwọ̀n tí èmi fúnra mi wọ̀n, mo sì rí i pé fàràńdà iwájú kò yí padà, àmọ́ wọ́n ti dí ti ẹ̀yìn pa.

Abẹ́ ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Lórí òpó kọ̀ọ̀kan, páànù kan wà bíi fìlà. Kì í pa ikán o. Ńṣe ló ń mú kí ó mọ ọ̀nà rẹ̀ gba ìta, níbi tí ojú á ti rí i. Níbi tí fìlà náà ti dípẹtà, mo fi ọ̀bẹ ṣóńṣó gún òpó náà. Mẹ́fà rọ̀. Wọ́n ti fi kọnkéré rọ́pò mẹ́jọ mìíràn. Ìtọ́jú lásán nìyẹn, kò dín iyì kù. Gbígbé ilé náà ga sókè ni ì bá bà á jẹ́.

Ògiri ni mo fẹ́ràn jù. Ìpele pákó kan ṣoṣo ni, tí àwọn pákó náà wọ inú ara wọn, tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan egungun ilé, ìyẹn àwọn igi tó gbé ògiri dúró. Ẹni tó bá dúró ní fàràńdà ń wo egungun náà ní gbangba. Òtútù ibẹ̀ kò le, owó tí wọ́n yá kò pọ̀, nítorí náà kò sídìí fún awọ méjì. Ẹni tó bá wá kan pákó mìíràn bo egungun yẹn ti pa ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù rẹ́.

Láti mọ iye ìgbà tí wọ́n ti kun ilé náà lọ́dà, mo tú irin àgádágodo ilẹ̀kùn, ibi tí oòrùn kò dé. Mo fi sáńpépà tí mo rẹ sómi ha ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 3, títí ìpele ọ̀dà fi yọ yípo, mo sì fi awò tó ń mú nǹkan tóbi kà á: mẹ́sàn-án. Òjé wà nínú ọ̀dà ayé ìgbà náà, nítorí náà ẹ má ha á ní gbígbẹ, ẹ bo imú, ẹ sì kó gbogbo èérún. Pátákó tí wọ́n fi dí fàràńdà ẹ̀yìn ní tirẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án rárá, nítorí ó lè ní asbestos nínú, ìyẹn ohun ìkọ́lé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ilé àyẹ̀wò ló ń mú irú èyí.

Nínú ìwé náà, mo pín ilé sí mẹ́ta: èyí tí kò gbọ́dọ̀ kúrò (yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, egungun iwájú, òrùlé), èyí tí wọ́n lè tún ṣe (òpó, ilé ìdáná), èyí tí wọ́n lè yọ (fàràńdà tí wọ́n dí). Mo fi àwòrán 1:50 (sẹ̀ntímítà kan lórí ìwé dúró fún 50 nínú ilé) àti fọ́tò tì í. Ààlà ohun tí òfin yóò dáàbò bò ni mo yà kẹ́yìn. Ara ògiri ni ọ̀pọ̀ máa ń fà á mọ́. Ara ọgbà ni mo fà á dé, kí mítà onígun mẹ́rin 405 náà lè wà nínú rẹ̀ pátá.